Jórinjórin tó fẹ́ kúrò ní Òṣogbo: Ọ̀tà ni àbí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ kò wọlé bí ó ti yẹ fún èmi jórinjórin ní Òṣogbo mọ́. Níbo ni kí n kó lọ?

Ìdáhùn kìíní: Ilé ìfọpo Dangote ń bẹ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, ṣùgbọ́n abẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti sábà máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí iṣẹ́ náà bá sì ti parí, wàá tún máa wá òmíràn kiri.

Ìdáhùn kejì: Àbúrò, Ọ̀tà ni kí o lọ, nítorí ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ kì í tán ní àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sáńgò tilẹ̀ máa fojú rẹ rí màbo.

Ìdáhùn kẹta: Má tíì kó ẹbí dání. Gba ìwé ẹ̀rí Trade Test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba) ná, torí wọ́n lè ní kí o jó páìpù kan lójú wọn kí wọ́n tó gbà ọ́.