Burman àti Burmese: ṣé ọ̀kan náà ni?

Ònkọ̀wé Àjàṣẹ́: Ẹ kú ilé o. Ìwé Faransé kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká túmọ̀ sí Yorùbá. "Birman" ni wọ́n kọ síbẹ̀ jálẹ̀. Ṣé ẹ̀yà ni àbí ọmọ orílẹ̀-èdè?

Ọmọ Kétu: Faransé ló dà á rú. "Birman" kan náà ni wọ́n fi ń pe ẹ̀yà, èdè, ọmọ ìlú, títí kan irú ológbò kan! Gẹ̀ẹ́sì là á sí méjì: Burman, tàbí Bamar, ni ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Myanmar, orílẹ̀-èdè Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Burma tẹ́lẹ̀; Burmese ni èdè wọn, tàbí ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Ará Shan tàbí Kachin, ẹ̀yà míì níbẹ̀, lè jẹ́ Burmese, kì í ṣe Burman. Ẹ rántí pé kó tó di 1975 tí Dahomey di Benin, "Dahoméen" (ará Dahomey) là ń pe ará Kétu nínú ìwé ìjọba, bẹ́ẹ̀ ìjọba Fọn tó fọ́ Kétu ní 1886 ló ni orúkọ yẹn.

Ará Sábẹ̀: Òótọ́ ni. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni "réfugiés birmans" ní ààlà Thailand: ẹ̀yà Karen ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ má kọ Burman síbẹ̀ láé. "Àwọn tó sá kúrò ní Myanmar" ló tọ́. Tẹ́ ẹ bá rí "ethnie", ẹ kọ "ẹ̀yà Bamar".

Ònkọ̀wé Àjàṣẹ́: Myanmar ńkọ́, ṣé òun ò ní ẹ̀yà nínú?

Ará Sábẹ̀: Ó ní in. Ìjọba ológun ló yí Burma padà sí Myanmar ní 1989, àmọ́ orúkọ kan náà ni: Bama lẹ́nu, Myanma nínú ìwé.