«Títa àwárí yunifásítì»: tà kọ́, àwárí sì kọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹni tó ní kí á máa pe bí yunifásítì ṣe ń fún ilé iṣẹ́ láṣẹ lórí pátẹ́ǹtì rẹ̀ (ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún ẹni tó dá nǹkan tuntun sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà lò ó láìgbàṣẹ) ní «títa àwárí» gbìyànjú, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó.

Ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni à ń wá rí. Òfin pátẹ́ǹtì kì í sì í dáàbò bo ìyẹn. Ilé iṣẹ́ Myriad, tó jáde láti ara Yunifásítì Utah, gba pátẹ́ǹtì lórí àwọn jíìnì BRCA, tí àléébù wọn lè fa jẹjẹrẹ ọmú. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní jíìnì tó wà lára ènìyàn látọ̀runwá kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni hùmọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀. cDNA, ẹ̀dà jíìnì tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní yàrá ìwádìí, nìkan ló yege. Ìhùmọ̀ ni kí á wí.

«Tà» ló bí mi nínú jù. Ohun tí a bá tà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni. Pátẹ́ǹtì Cohen àti Boyer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, lórí gígé jíìnì kan lẹ̀ mọ́ òmíràn, ilé iṣẹ́ 468 ni Yunifásítì Stanford àti Yunifásítì California fún láṣẹ lórí rẹ̀. Ta ló ń ta ewúrẹ́ kan fún ẹni 468? Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé san 10,000 dọ́là ìwọlé, 10,000 lọ́dọọdún ó kéré tán, àti ìdá kékeré nínú ohun tí wọ́n bá tà. Títí pátẹ́ǹtì náà fi kú ní 1997, yunifásítì ló ni ín. «Ìyálò ìhùmọ̀» ni mo dábàá, kí á pe owó tó ń wọlé ní «ìṣákọ́lẹ̀».

* * *

Àbúrò, mo gbà ọ́ gbọ́ lórí ìhùmọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ kọ́! Àwọn àgbà tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí: bàbá san án, ọmọ ń san án, onílẹ̀ ni onílẹ̀ títí láé. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìtàn oko kòkó Ifẹ̀ bó ṣe korò tó. Pátẹ́ǹtì, ọdún 20 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ̀wé béèrè fún un. Ní 1964, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé àdéhùn tó bá ní kí owó máa wọlé lórí pátẹ́ǹtì tó ti kú, apá yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Olóko wo ló ń sọ fún onílẹ̀ pé «ọdún 20 pé, ó dìgbà»? «Owó ìlò» ti tó.

Ọ̀rọ̀ «màá» inú àdéhùn gan-an ló yẹ kí á gbé yẹ̀ wò. Olùwádìí kan ní Stanford fọwọ́ sí i pé òun gbà láti gbé ìhùmọ̀ òun fún yunifásítì: «màá gbé e fún yín». Wọ́n rán an lọ kọ́ PCR, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sọ DNA kékeré di púpọ̀, ní ilé iṣẹ́ Cetus, ó tún fọwọ́ sí ìwé tiwọn: «mo gbé e fún yín báyìí». Ilé iṣẹ́ oògùn Roche ra iṣẹ́ PCR lọ́wọ́ Cetus, ẹjọ́ dé láàárín òun àti Stanford lórí àyẹ̀wò tó ń wọn kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀, «mo gbé e» sì borí «màá gbé e». Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tún fi kún un pé òfin Bayh-Dole ti 1980, tó jẹ́ kí yunifásítì lè di ìhùmọ̀ tí owó ìjọba Amẹ́ríkà bá ṣe mú, kò sọ ìhùmọ̀ di ti yunifásítì fúnra rẹ̀. Ẹni tó hùmọ̀ ló kọ́kọ́ ni ín. Kí ẹni tó ń túmọ̀ àdéhùn má fi «báyìí» sílẹ̀ o, torí «mo gbé e fún yín» lásán lè dún bí ohun àná.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, «owó ìlò» ni ẹni tó háyà jẹnẹrétọ̀ náà ń san. Owó ìwọlé, owó ọdọọdún àti ìdá títà, ẹ ti dà wọ́n pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Ẹ kò sì fọwọ́ kan «yá» inú «ìyálò» rárá. Ohun tí a bá yá, à ń dá a padà. Ìmọ̀ tó ti wọ orí ẹ̀ńjíníà ilé iṣẹ́, báwo ni yóò ṣe dá a padà bí àdéhùn bá tú? Ìdí nìyẹn tí àdéhùn gidi fi máa ń ya àṣẹ lórí pátẹ́ǹtì sọ́tọ̀ kúrò lára àṣírí iṣẹ́.

Ta ló tiẹ̀ fi ohùn ìsàlẹ̀ sórí ǹ inú pátẹ́ǹtì? Pátẹ́ńtì ni.