"Rélùwéè fífúyẹ́" àti "eré ìdárayá ìta gbangba": àbá mi

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn Èkó lábẹ́ ìjọba amúnisìn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì ti béèrè nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kí ni ká pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní light railway, rélùwéè kékeré tí ìjọba ayé ọjọ́un gbèrò láti kọ́ sáàárín ìlú? Èkejì, kí ni ká pe public entertainments, tí ìwé ìròyìn ayé ọjọ́un máa ń kó jọ sábẹ́ àkọlé kan? Àwọn kan ti dábàá "rélùwéè fífúyẹ́" fún ti àkọ́kọ́, "eré ìdárayá ìta gbangba" fún èkejì. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti irin ṣáájú. Bí a bá ní ọkọ̀ kan fúyẹ́, ohun tí Yorùbá gbọ́ ni pé kò rẹ́rù. Ẹni tó bá ka "rélùwéè fífúyẹ́" yóò rò pé ọkọ̀ òfìfo ni, tàbí ọkọ̀ tí ìjì lè gbé. Ohun tó fúyẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ rárá, irin tí ọkọ̀ ń gùn ni. Wọ́n máa ń wọn irin rélùwéè nípa bí ọ̀pá kan, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 3, ṣe tẹ̀wọ̀n sí. Bí irin bá tín-ín-rín, ẹ́ńjìnnì tí yóò gùn ún gbọ́dọ̀ kéré, ẹrù tí yóò fà náà yóò kéré. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà lè ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín ilé àti ṣọ́ọ̀bù, afárá kò ní láti nípọn, owó tí ìjọba yóò ná sì dín.

Ohun kejì tó yàtọ̀ ni ìbú ojú irin, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gauge. Ẹnì kan kọ "ìwọ̀n irin" fún èyí. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ ká lò ó, nítorí yóò kọlu bí irin ṣe tẹ̀wọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. "Ìbú ojú irin" ló tọ́. Láti ẹ̀gbẹ́ inú irin kan dé ẹ̀gbẹ́ inú irin kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, torí pé inú ni etí táyà irin náà ń gbà. Rélùwéè ńlá Èkó, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1896, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta 1901, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6. Èyí tí wọ́n ṣí ní 1902, tó ń ti Ìddó gba orí afárá Carter wọ erékùṣù Èkó, ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínṣì 6 ni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló fi jùra wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan yẹn tó kí wágọ̀ọ̀nù ti ọ̀kan má lè gun ti èkejì láé. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Sàríà, níbi tí rélùwéè kékeré tó ń kó tánganran bọ̀ láti Bukuru, nítòsí Jos, ti pàdé ti ńlá: gbogbo ẹrù ni wọ́n ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tún un dì sínú ọkọ̀ mìíràn. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò, ibẹ̀ ni ọjọ́ ti ń lọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ni mo rò pé a nílò. Èyí tó wà láàárín ìlú, "rélùwéè ìgboro". Gbogbo èèyàn ló mọ ìgboro, a sì máa ń sọ pé "ọkọ̀ tó ń ná ìgboro". Ọ̀rọ̀ náà kò sì ní di ti àtijọ́ nìkan: èyí tó ń ná Marina sí Mile 2 l'Ékòó láti oṣù kẹsàn-án 2023, rélùwéè ìgboro náà ni. Ti Bukuru kì í ṣe ti ìgboro, oko àti òkè ló ń gbà kọjá. Ìyẹn ni ká pè ní "rélùwéè ojú-tóóró". Kìkì pé tóóró kò dá dúró: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6 pàápàá tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlú Òyìnbó, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8 ààbọ̀. Ẹ máa kọ iye rẹ̀ tì í nígbàkigbà.

Ẹnì kan tún pe pákó tó dábùú lábẹ́ irin ní "asùnlẹ̀", torí pé Gẹ̀ẹ́sì fi orun pè é: sleeper. Orun kò kàn án níbẹ̀. "Ìdábùú" ti tó. Ẹ má sì pè é ní "igi ìdábùú", nítorí ikán ń jẹ igi, irin ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ wa.

Ní ti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, "ìdíkọ̀" ni mo fara mọ́ ju "téṣàn" lọ. L'Ékìtì lónìí, ti ọlọ́pàá ni téṣàn ń tọ́ka sí. Ìdí àti ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, bí ìdí ìrókò tó di Ùdírókò, orúkọ ọdún ńlá l'Ádó, nítorí pé ẹnu wa máa ń fi u pe ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi i pè: ulé, ugi, urin. Akẹ́kọ̀ọ́ Adó tó bá rí ìdíkọ̀ ti mọ ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí wọn kò rí rélùwéè nílẹ̀ wọn rí. Òṣogbo ni irin dé ní 1907, ó gba ibẹ̀ forí lé Ìlọrin, kò sì yà sí Èkìtì. Orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, òun fúnra rẹ̀ kò dé. Ìwé tí wọn yóò kà ni yóò sọ fún wọn bó ṣe rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣàlàyé ara rẹ̀ yóò ṣì wọ́n lọ́nà.

Ó ku ti eré. Eré ìdárayá ti ní ibi tó jókòó sí: bọ́ọ̀lù, eré sísá, fífò. Ẹni tó ń ṣe é lara rẹ̀ ń yá. Ẹ wo ohun tí àwọn ìwé ìròyìn Èkó ń kó jọ sábẹ́ àkọlé yẹn: orin kíkọ nínú gbọ̀ngàn, eré ẹṣin ní pápá tó di Tafawa Balewa Square lẹ́yìn náà, kàrẹ́tà, ìwọ́de aláṣọ aláràbarà tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, máa ń gbé jáde, sinimá tí wọ́n fi hàn ní Glover Memorial Hall ní 1903, Ẹ̀yọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ara ta ló ń yá nínú sinimá? Òǹwòran jókòó ni. "Ìdánilárayá" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ti orí rédíò mọ́ra, èyí tí èèyàn lè dá gbọ́ nínú yàrá rẹ̀. "Ìran" ló sún mọ́ ọn jù, nítorí ó bá òǹwòran rìn. Síbẹ̀, bí ẹ bá kọ "ìran ìlú" gẹ́gẹ́ bí àkọlé, ìdílé àti àtọmọdọ́mọ ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rò.

Ohun tí mo dábàá ni "àpéwò". A pé rò, ó di àpérò. A pé wò, ó di àpéwò. Ẹ gbé e sínú ọ̀rọ̀: "Ìjọba fi òfin de àpéwò lóru." "Owó ìwọlé àpéwò ti wọ́n." Kò há lọ́fun. Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn o. Àpèjẹ ni ti ẹni tí a pè wá jẹun; bí ẹ bá kọ "àpèwò", ó di ti ẹni tí a pè nìkan, ohun tó sì wà fún gbogbo ìlú ni à ń sọ. Pípé ni, kì í ṣe pípè.

Ibi tí mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ yìí wúlò jù ni pé kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe di eré. Ẹni tó kọ ìròyìn kó Ẹ̀yọ̀ àti sinimá sójú kan. Àwọn tó ni Ẹ̀yọ̀ kò ní gbà pé eré ni, ẹ kò sì lè pe ọjọ́ Ùdírókò, tí Èwí, ọba Adó, jókòó nídìí ìrókò, ní eré níṣojú ará Adó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sẹ́ pé èrò pé, wọ́n sì ń wò. Àpéwò sọ ìyẹn, ó sì dákẹ́ lórí ìyókù. Ó tún ní ààlà: Orò kì í ṣe àpéwò, nítorí ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń tì nígbà tirẹ̀. "Eré ìta gbangba" kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa.

Báyìí ni n óò ṣe kọ ọ́ bó bá jẹ́ èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀: "Nígbà tó fi di 1903, Èkó ti ní rélùwéè ìgboro tó ń gba orí afárá láti Ìddó, àpéwò tuntun sì ti dé, ìyẹn sinimá." Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sáàárín orí kẹta ìwé yín kẹ́ ẹ wò ó. Bó bá kọsẹ̀ níbì kan, ẹ kọ gbólóhùn náà síbí ká jọ tún un wò.