Kí ló mú kí wúrà Òlíńpíìkì Kelly Holmes pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùfẹ́ eré sísá. Láti ọdún 1994 ni Kelly Holmes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gba àmì-ẹ̀yẹ, àmọ́ ó di ẹni ọdún 34 kó tó gba wúrà Òlíńpíìkì. Kí ló fà á?

Èsì kìíní: Ìpalára ni. Ní 1995 ó gba fàdákà ní mítà 1500 àti idẹ ní mítà 800 nínú ìdíje àgbáyé, ṣùgbọ́n ní 1997, níbi ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Athens, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí wúrà láti ọwọ́ rẹ̀.

Èsì kejì: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ ológun kún un. Ó wọ iṣẹ́ sójà kó tó pé ọmọ ọdún 18, ó wa ọkọ̀ akẹ́rù, lẹ́yìn náà ló di olùkọ́ni ní eré ìdárayá níbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìfaradà.

Èsì kẹta: Athens kan náà ló padà sí ní 2004. Ní mítà 800, ẹ̀yìn ló wà títí di ìparí, kó tó ré Maria Mutola ọmọ Mòsáḿbíìkì, ẹni tí wọ́n jọ ń gbáradì, kọjá (ẹ wo irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀!), tó sì parí ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56.38. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gba ti mítà 1500 pẹ̀lú. Láti ìgbà Albert Hill ní 1920, kò tíì sí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó gba méjèèjì pọ̀ nínú Òlíńpíìkì kan ṣoṣo.