Háídrójìn kò wọnú atẹ́gùn Mach 2 dáadáa: kí ni ká yí padà?

Akinẹ́ńjìnnì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Scramjet (ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó nínú atẹ́gùn tó yára ju ohùn lọ) là ń dán wò nílẹ̀. Yàrá ìjóná ga ní 40 mm, ó fẹ̀ ní 50 mm, bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Atẹ́gùn ń wọlé ní Mach 2 (ìlọ́po méjì ìyára ohùn), 50 kPa, 1000 K. Ihò márùn-ún, 2 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, wà nílẹ̀ yàrá ní ìlà kan, wọ́n ń tú háídrójìn sókè tààrà. Bí prẹ́ṣọ̀ háídrójìn bá jẹ́ 380 kPa, iná ń rá mọ́ ilẹ̀, ó sì ń kú. Ní 760 kPa, shock (ìgbì prẹ́ṣọ̀ líle) sá padà wọ isolator, ìyẹn ọ̀nà tó ṣáájú yàrá ìjóná. Kí ló kàn?

Kọ́lá_Afẹ́fẹ́:
Ẹ má fi kún prẹ́ṣọ̀ mọ́. Ní 380 kPa, J yín (agbára ìtújáde epo sí agbára atẹ́gùn tó ń kọjá) ti tó 1. Háídrójìn á ga tó 6 sí 10 mm. Atẹ́gùn lásán ló ń gba òkè ibẹ̀ kọjá. Bí prẹ́ṣọ̀ bá di ìlọ́po méjì, gíga yẹn ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lé ni, ṣùgbọ́n epo á di ìlọ́po méjì gẹ́gẹ́: láti 3.7 g/s sí 7.4.

Gíga náà ń tẹ̀lé fífẹ̀ ihò. Ihò mẹ́ta tó jẹ́ 2.6 mm ń gba iye epo kan náà, á sì ga jù ú lọ dáadáa. Ẹ fi méjì sísàlẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sókè láàárín wọn, kí wọ́n má dojú kọra.

Ìyá Ìbejì, Aero:
Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn nìkan kò ní mú iná dúró. Ní 1250 m/s, atẹ́gùn ń la 600 mm kọjá láàárín 0.5 ms. Ẹ gbẹ́ kòtò sẹ́yìn àwọn ihò: jíjìn 10 mm, gígùn 45 mm, kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ ní 30°. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa yípo nínú rẹ̀, á sì máa tan epo tó ń kọjá. Ẹ tú epo díẹ̀ sínú kòtò fúnra rẹ̀. Kí gígùn má kọjá ìlọ́po mẹ́wàá jíjìn. Bó bá kọjá, atẹ́gùn á wọlẹ̀ kòtò, ìfàsẹ́yìn á pọ̀.

Fún ìtànná, X-43A, ọkọ̀ òfurufú scramjet àdánwò ti NASA, lo gáàsì silane ní 2004, nítorí gáàsì náà ń gbiná bó bá ti kan afẹ́fẹ́. X-51A, ọkọ̀ àdánwò mìíràn ti Amẹ́ríkà, fi gáàsì ethylene bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sórí JP-7, epo ọkọ̀ òfurufú.

Kọ́lá_Afẹ́fẹ́:
Kòtò yẹn dára gan-an, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Akin, ògiri yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú yàrá tí fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ní Mach 2, bí ooru àpapọ̀ (ooru tí atẹ́gùn máa ní bí a bá dá a dúró) bá fi 26% lé péré, atẹ́gùn á bọ́ sí Mach 1, ọ̀nà á dí. Tiyín jẹ́ nǹkan bí 1800 K, àyè yín kò ju 470 K lọ. Háídrójìn 2 g/s tó bá jóná tán ti gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí 3.7 kò fi tíì dí i ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jó. Bí epo bá wá pò mọ́ atẹ́gùn dáadáa, 3.7 náà á lé shock padà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ yàrá ya ní 2° sí 3° láti ẹ̀yìn kòtò, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.5 g/s.