Ọ̀nà olóòyà: èsì mi lórí òjò-dídì àti pákó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o, láti Abẹ́òkúta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa tó ń gbé ní Kánádà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìyá rẹ̀ ní Aké ló ń bi í pé kí ló ń lọ ṣe lórí òkè ní gbogbo Sátidé ìgbà òtútù, kò sì rí Yorùbá tí yóò fi dá a lóhùn. Ohun tó fẹ́ sọ kò pọ̀: pé òun kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ski (èyí tí wọ́n ń so pẹlẹbẹ gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ láti fi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí snow bò) mọ́, pé òun ò sì tíì di ọ̀gá, àti pé ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ́ sílẹ̀ lóru ni òun fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kó pè é ní "ọ̀nà àtúnṣe". Ẹlòmíràn ní "ọ̀nà ìyọ̀". Ẹnì kẹta ní kí a fi àwọ̀ pè é, bí àwọn tó ni eré náà ti ń ṣe. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

Púpọ̀ nínú wa ń kọ "yìnyín" káàkiri fún snow. Lọ́dọ̀ àwa níbí, yìnyín ni èyí tó ń bọ́ lu páànù nígbà òjò, òun náà la sì ń pe ti inú fíríìjì. Líle ni yìnyín. Ẹni tó ń ṣe eré yìí ń sá fún ibi tó bá ti di yìnyín, nítorí etí ohun tó so mọ́ ẹsẹ̀ kì í wọ ilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Olympic ìgbà òtútù ní Pyeongchang ní 2018, tó dojú bolẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ, inú kòtò yìnyín ló gbà. Samuel Ikpefan tó ṣojú wa ní Beijing ní 2022, ski ló so mọ́ ẹsẹ̀, lórí irú èyí tó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ojú ọ̀run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú tibẹ̀. Nǹkan méjì ni. Èkejì yìí ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́, Bíbélì wa pè é ní òjò-dídì nínú Aísáyà 1:18. Ẹ jẹ́ ká lò ó.

"Yọ̀" ńkọ́? Ẹni tó mú un wá ní ayọ̀ wà nínú rẹ̀, pé ohùn kan náà ni a fi ń pe yíyọ̀ ilẹ̀ àti yíyọ̀ ọkàn. Òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ lásìkò òjò pé "ẹsẹ̀ mi yọ̀", ìṣubú ló ń ròyìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kò yan ibi tó ń lọ. Àbúrò wa ń yàn: ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ẹsẹ̀ méjèèjì jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyípo yẹn ló sì fi ń dín eré kù. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ni èyí tí a fi ń wa ọkọ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, igi ló gbé e, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, odò ń gbé e lọ, òun ló sì ń darí. Fi ọ̀pá méjì rọ́pò àjẹ̀, fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè rọ́pò odò, eré náà nìyẹn.

Kí ni yóò máa wà? Ẹ wo bí àwọn ará Nọ́wè ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí "ski" ti wá, igi tí a là ló túmọ̀ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ní pákó. Wíwa pákó, awapákó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà ka pákò tí a fi ń rin eyín.

Ọ̀nà yẹn gan-an ló gbà mí lóorun. "Àtúnṣe" kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohun tó bàjẹ́ la ń tún ṣe. Bí ìyá yẹn bá gbọ́ ọ̀nà àtúnṣe, ọ̀nà tí ìjọba wá di kòtò rẹ̀ ni yóò rò. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ti lọ sílé, ẹ̀rọ ńlá kan tó jọ katakata á gun òkè. Irin pẹrẹsẹ iwájú rẹ̀ á tú ibi tó ga, á da á sí ibi tó jin. Rólà eléyín tó wà lẹ́yìn á máa yí, á máa ro òjò-dídì bí ẹni ro oko, lẹ́yìn rẹ̀ ni òòyà oníke fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan á wá fà á. Hóró òjò-dídì á fọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, otútù òru á wá lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìlà tínńtín ni ẹ ó rí láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbọọrọ, gbọọrọ, bí ara aṣọ kọ́dúrọ́ì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè jí lọ. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn á ti pa ìlà náà rẹ́.

Mo fi fídíò tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ han ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú. Kò tilẹ̀ bi mí pé ibo ni. Ó ní, "Ẹ̀kọ ni wọ́n fi òòyà fà yẹn?" Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ohun tó rí: a ó fi ẹ̀kọ pa aṣọ, a ó fi òòyà wọ́ ọ kó tó gbẹ, ibi tí eyín òòyà bá gbà ni aró yóò mu. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè pè é ní nǹkan mìíràn. Ọ̀nà olóòyà ni. Òòyà náà la fi ń tọ́jú orí, nítorí náà ìtọ́jú tí ẹ̀gbọ́n wa ń wá nínú "àtúnṣe" kò sọnù. Àwọn Faransé ń pe ọ̀nà yìí ní "piste", láti inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ títẹ̀ àti gígún mọ́lẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ tí a ṣe sí i pè é. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Orúkọ yìí á tún bá wa rí ti ìkejì rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ kò dé, tí àwọn èèyàn ti ń yí lójú kan náà títí ilẹ̀ fi wú ní òkìtì òkìtì, ta ló fẹ́ wá ọ̀rọ̀ míì fún un nílẹ̀ elébè? Ọ̀nà elébè ni.

Ní ti àwọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká gba ibẹ̀. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọ̀ ewé ni ti akọ́ṣẹ́, búlúù onígun mẹ́rin ni ti irú àbúrò wa, dúdú sì ni ti àwọn tó mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ní Yúróòpù, wọ́n fi pupa sáàárín búlúù àti dúdú. Pupa kò sí rárá ní Kánádà. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé nínú Yorùbá àwọn àgbà, aṣọ tí aró bá mu kanlẹ̀, dúdú la ń pè é. Bí a bá fi dúdú pe búlúù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè, ibi tó lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ la rán an lọ. Bí ó bá di dandan, kí a ní aláró, kí ó dá yàtọ̀ gedegbe.

Ìpele àbúrò wa ló kù. "Alágbedeméjì" tí wọ́n dábàá, bí ẹni tí kò sí níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún ló ń dún létí mi. Ẹgbẹ́ eégún ti yanjú èyí fún wa tipẹ́. Ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì, ó ti wọ inú agbo, ó kàn jẹ́ pé àgbà ọ̀jẹ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀ ni. Ẹni tó ń yí láìṣubú lórí ọ̀nà olóòyà, tí kò tíì kojú elébè, ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, orúkọ náà sì níyì lẹ́nu.

Àbúrò, bí èmi yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá nìyí: "Màámi, mo ń lọ wa pákó lórí òjò-dídì. Mo ti di ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọ̀nà olóòyà ni mo máa ń gbà, ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí ìlà rẹ̀ ṣì pé."

Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún àga tó ń fi okùn irin gbé wọn gòkè. Ẹni tó bá ní in, kó mú un wá.