Discoaster àti Emiliania huxleyi nínú ìpele ẹrẹ̀ kan náà: èwo ni kí n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú. Mo ń ka àwọn fọ́sìlì tíntìntín (ìkarahun ewé omi òkun tí ojú lásán kò lè rí) inú ọ̀pá ẹrẹ̀ kan tí wọ́n fà yọ láti ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí omi ti jìn tó nǹkan bíi mítà 3,800. Ọ̀pá náà gùn ní mítà 6, mo sì ń bu ẹrẹ̀ bíńtín ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ara wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Nígbà tí mo dé sẹ̀ǹtímítà 410, mo rí Discoaster brouweri, tí ó rí bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, mo sì rí Emiliania huxleyi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni pé èyí àkọ́kọ́ ti run láti nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 1.93 sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni èkejì kò sì tíì dáyé títí di nǹkan bí ọdún 290,000 sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn láyé rárá. Báwo ni wọ́n ṣe wá di aládùúgbò nínú ẹrẹ̀? Mi ò rí ìràwọ̀ kankan ní 400, mi ò sì rí i ní 420.

Olùka-Fọ́sìlì

Èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹrẹ̀ kò lè gba ìkarahun ohun tí a kò tíì dá, ṣùgbọ́n omi lè hú ìkarahun àtijọ́ jáde láti ibi tí ó sùn sí, kí ó sì tún un sin sáàárín àwọn tí wọ́n kú lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkarahun Discoaster nípọn, kì í tètè yòrò, ìdí nìyẹn tí ó fi ń la irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ já.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé Emiliania huxleyi, ẹ rí i dájú pé òun gan-an ni. Àwo ara rẹ̀ kan kò ju nǹkan bíi 0.003 mìlímítà lọ, ó sì rọrùn láti ṣì í mú fún Gephyrocapsa kékeré, ìbátan rẹ̀, bí a bá fi máíkírósíkóòpù oníná lásán wò ó. Ti oní-ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni yóò fi hàn kedere. Ẹ tún wá Pseudoemiliania lacunosa, ewé omi mìíràn tí ó run ní nǹkan bí ọdún 440,000 sẹ́yìn. Bí ẹ kò bá rí i rárá, ẹ̀rí kejì nìyẹn pé ẹrẹ̀ yín kò gbó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rẹ̀

Òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un, nítorí mo ti rí i tí òfin “tẹ̀lé èyí tí ó kéré jù” ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré pàápàá lè rìn sísàlẹ̀. Kòkòrò ìsàlẹ̀ òkun a máa wa ẹrẹ̀ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì lè pò ó pọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Nígbà tí irin oníhò tí a fi ń fa ọ̀pá ẹrẹ̀ yọ bá ń wọlẹ̀, ó lè fa ẹrẹ̀ òkè lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀. Nítorí náà àárín ọ̀pá ni ó yẹ kí a ti máa bu ẹrẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Síbí tí a kò fọ̀ dáadáa náà ń ṣe iṣẹ́ ibi. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé Emiliania huxleyi wà ní 400 àti 420 bákan náà, tí ó sì pọ̀, àbí ẹyọ kan péré ni ẹ rí? Kí sì ni ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ jọ ní ibẹ̀? Ẹ má wo inú máíkírósíkóòpù nìkan, ẹ fi ojú lásán wo ọ̀pá náà.

Akẹ́kọ̀ọ́Òkun

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo padà lọ wò ó. Láti 406 dé 414, ẹrẹ̀ náà yàtọ̀: yanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń kúnná bí ó ti ń lọ sókè. Ìsàlẹ̀ yanrìn náà mú ṣáká bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé. Emiliania huxleyi wà nínú gbogbo ẹrẹ̀ tí mo bù láti òkè dé 560, mo sì ti fi ẹ̀rọ oní-ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́rìí sí i. Mi ò rí Pseudoemiliania lacunosa níbi kankan.

Agbawolé-Òkun

Àgbàrá abẹ́ òkun ni ó kọjá níbẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ òkun tí ó dà gẹ̀rẹ́ ya lulẹ̀ lókè, ẹrẹ̀ àti yanrìn sì dà pọ̀ mọ́ omi, wọ́n ṣàn wá sí ibi jíjìn. Èyí tí ó wúwo kọ́kọ́ balẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ tẹ̀lé e. Nínú ẹrù yẹn ni Discoaster bá dé.

Nínú ìṣirò yín, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 8 yẹn kúrò, nítorí ohun tí ó balẹ̀ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ kò yẹ kí a kà mọ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bí Emiliania huxleyi bá bẹ̀rẹ̀ ní 560, sẹ̀ǹtímítà 552 ni ó balẹ̀ ní ọdún 290,000, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.9 fún ẹgbẹ̀rún ọdún kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 406 ni ó wà lórí àgbàrá náà, nítorí náà yóò jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 213,000 sẹ́yìn. Ẹ fi ọwọ́ rọra mú iye yìí o: ẹ̀dá yìí ṣọ̀wọ́n nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè jìn ju 560 lọ; àti pé gígé ṣáká tí ẹ rí yẹn lè túmọ̀ sí pé àgbàrá náà fọ́ díẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀.

Mágínẹ́ẹ̀tì ayé kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí ìyípadà ńlá tí ó kẹ́yìn, nígbà tí àríwá àti gúúsù rẹ̀ pààrọ̀ ipò, ti lé ní ọdún 770,000, ọ̀pá yín kò sì dé ibẹ̀. Áísótóòpù ọ́síjìn, ìyẹn irú ọ́síjìn tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra, ni kí ẹ lò. Nígbà tí yìnyín bá pọ̀ lórí ilẹ̀, ó ń há ọ́síjìn 16 tí ó fúyẹ́ mọ́, ọ́síjìn 18 tí ó wúwo a sì pọ̀ sí i nínú òkun àti nínú ìkarahun foraminifera, ẹ̀dá tíntìntín oní-sẹ́ẹ̀lì kan tí ó ń gbé níbẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Cesare Emiliani ti fi èyí to àwọn ìpele ìgbà òtútù àti ìgbà ooru ní ọdún 1955. Àwọn onímọ̀ méjì, Shackleton àti Opdyke, sì so ó mọ́ ìyípadà mágínẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1973, nínú ọ̀pá V28-238 láti Pásífíìkì. Bí ìṣirò wa bá tọ̀nà, ẹrẹ̀ tí ó yí àgbàrá yín ká yóò bọ́ sí ìpele 7 nínú àwọn ìpele yẹn, tí í ṣe ti ìgbà ooru. Ẹrẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má fi ti àárín àgbàrá kún un.

Ẹ má sì da yanrìn náà nù. Ẹ ka foraminifera ìsàlẹ̀ omi tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí Elphidium tàbí Ammonia, tí wọ́n jẹ́ foraminifera omi tí kò jìn, omi tí kò jìn lẹ́bàá ilẹ̀ ni àgbàrá náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kìkì àwọn tí ń gbé inú omi jíjìn ni ẹ rí, a jẹ́ pé apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ náà ni ó ya, ibẹ̀ sì ni ẹrẹ̀ tí ó ti lé ní mílíọ̀nù 1.93 ọdún ti yọ síta.